Quantum optics ni mo fẹ́ kọ́ dé ìpele PhD: báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí n lọ?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà inú físíìsì, mo kí yín o. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú dìgírì àkọ́kọ́ mi, físíìsì ni mo ń kọ́, ó sì ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wá ọ̀nà kan tí mi ò rí.

Ìṣirò kan ṣoṣo ló gbé mi dé ìdí quantum optics, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ìmọ́lẹ̀ ẹyọ-ẹyọ ṣe ń hùwà. Nínú kíláàsì quantum mechanics, olùkọ́ wa mú fótónì (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ) méjì tó jọra bí ìbejì, ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kan dígí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, ó wá ní ká ṣírò ibi tí wọ́n máa gbà jáde. Èmi rò pé nígbà mìíràn wọ́n á jọ jáde, nígbà mìíràn kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀, kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Àmì ìyọkúrò kan tó ti ara dígí náà wá ló pa apá tí kálukú ti ń lọ lọ́tọ̀ rẹ́ pátápátá. Wọ́n máa ń jọ jáde ni, lọ́jọ́ gbogbo. Oorun ọjọ́ yẹn kò kún ojú mi. Látìgbà náà ni mo ti fi QuTiP, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣírò físíìsì quantum, gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Mo ti fi átọ́ọ̀mù kan sáàárín dígí méjì tó kọjú síra, mo sì wo bí agbára ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òun àti ìmọ́lẹ̀ tó há síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ máa ṣe títí lọ nìyí, ó dá mi lójú.

Ibi tí mo ti máa kọ́ ọ ni mi ò rí. Tí mo bá tẹ "quantum optics" sínú àwọn ojú ìwé tó ń to ètò ẹ̀kọ́ àgbà jọ, ìwọ̀nba ló ń jáde. Àwọn kan ń pe tiwọn ní photonics, àwọn kan quantum technology, àwọn kan quantum engineering. Fásitì tí mo sì mọ̀ dájú pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí, "Physics" lásán ni wọ́n kọ. Mo ti kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́kànlá. Ẹnì kan péré ló fèsì, ó ní kò sí àyè.

Ṣé ètò tó ń jẹ́ orúkọ yìí gan-an ló yẹ kí n máa wá? Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe másítà ni àbí kí n wọ PhD tààrà? Báwo lẹ̀yin ṣe mọ̀ bóyá tíọ́rì ni tiyín àbí iṣẹ́ láàbù? Máàkì mi dára nínú ìṣirò àti quantum mechanics, ṣùgbọ́n C ni mo gbà nínú electronics, torí ara mi ò yá ní sáà yẹn, mi ò sì láyè láti tún un ṣe. Mi ò tíì ní àpilẹ̀kọ kankan tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi.

Èsì kìíní

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, nítorí ìṣirò yẹn gan-an ló mú èmi náà mọ́lẹ̀. Mo wà ní ọdún kẹrin PhD mi báyìí. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe: fótónì ẹyọ-ẹyọ là ń pèsè, òun náà là ń kà.

Orúkọ lò ń wá, èèyàn ló yẹ kí o máa wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Wo ìṣirò tí o sọ. Hong, Ou àti Mandel ló fi í hàn nínú láàbù, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987, ní University of Rochester ní Amẹ́ríkà. Fásitì yẹn ti ní Institute of Optics láti 1929. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n kọ sórí àpilẹ̀kọ náà. Ẹni tó bá ń wo pátákó nìkan láyé ìgbà yẹn ì bá gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí dòní, ó tiẹ̀ ti fọ́n ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò átọ́ọ̀mù kan pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí o fi QuTiP ṣe, Jaynes àti Cummings ló kọ ọ́ ní 1963. Haroche lò ó ní Paris, ó ń jẹ́ kí átọ́ọ̀mù kọjá láàárín dígí méjì, máíkíróweefù ló sì há sáàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí kò sí níbẹ̀ rárá. Òun àti Wineland, tó ń fi áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó ní iná lára) ṣe tirẹ̀ ní Boulder ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Lónìí, àwọn tó ń fi wáyà superconductor (èyí tó ń gbé iná láìsí ìdíwọ́) ṣe kọ̀ǹpútà quantum ń lo ìlà ìṣirò yìí kan náà lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní ẹ̀ka applied physics tàbí ẹ̀ka iná mànàmáná. LIGO, tó ń tẹ́tí sí ìgbì gravity, ń fi squeezed light (ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti dín apá kan ariwo quantum rẹ̀ kù) dín ariwo inú ẹ̀rọ wọn kù láti 2019. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìyẹn, abẹ́ gravitation ló ti máa bá a. Quantum optics ni gbogbo wọn.

Bí èmi ṣe wá tèmi nìyí. Mo mú ìwé àjákọ kan. Láràárọ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń ṣí arXiv, ojú ìwé tí wọ́n ń gbé àpilẹ̀kọ tuntun sí, ní apá quant-ph tó jẹ́ ti físíìsì quantum, mo ń ka àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ tuntun. Èyí tó bá wù mí, mo kọ orúkọ méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀: orúkọ àkọ́kọ́, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ni sábà máa ń jẹ́, àti orúkọ ìkẹyìn, torí òun ni sábà máa ń jẹ́ olórí láàbù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní ogójì olórí láàbù. Mo wá padà sórí àpilẹ̀kọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo gbìyànjú láti kà á dópin. Gbogbo ẹni tí mi ò lè ka tirẹ̀ kọjá ojú ìwé kejì, mo fa ìlà pa orúkọ rẹ̀. Àìgbọ́n kọ́ ló fà á, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀, a kò sì lè fi ọdún márùn-ún ṣe ohun tí ọkàn ẹni ò sí níbẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án.

Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni mo wá tú wò fínnífínní. Níbo làwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtẹ̀yìnwá wà báyìí? Ọdún mélòó ni wọ́n fi parí? Ṣé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣíwájú lórí àpilẹ̀kọ, àbí ti ẹlòmíì? Ṣé nǹkan kan ti jáde níbẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn? Mẹ́rin jábọ́ níbẹ̀. Nínú márùn-ún tó kù, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ètò tí ọ̀rọ̀ optics wà lórúkọ rẹ̀.

Kí o lè rí ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: Max Planck Institute of Quantum Optics wà ní Garching lẹ́bàá Munich, òmíràn tí wọ́n ń pè ní Science of Light wà ní Erlangen. ICFO wà ní Castelldefels lẹ́bàá Barcelona. Innsbruck lágbára lórí áyọ́ọ̀nù. Níbẹ̀ náà ni Zeilinger ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ fótónì tó so kọ́ra kó tó kó lọ sí Vienna, òun, Aspect àti Clauser sì jọ gba Nobel ní 2022 lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Aspect sì wà ní Institut d'Optique ní Palaiseau. JILA wà ní Boulder, Institute for Quantum Computing ní Waterloo ní Kánádà, Centre for Quantum Technologies ní Singapore. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ optics gan-an tún wà ní Rochester, ní Tucson ní Arizona, àti ní Central Florida. Fi èyí sọ́kàn: ilé iṣẹ́ ìwádìí bíi Max Planck kì í fúnni ní oyè fúnra rẹ̀. Fásitì tí wọ́n jọ ń ṣe ló ń fún ọ. Ojú ìwé méjèèjì ni kí o kà. Èmi ka ẹyọ kan nígbà kan, gbèdéke èkejì sì kọjá lórí mi.

Ní ti tíọ́rì àbí láàbù, jẹ́ kí n sọ ọdún àkọ́kọ́ mi fún ọ, kí o fi ara rẹ sí i wò. Wọ́n ní kí n ṣe Hong-Ou-Mandel yẹn kan náà, kí ọwọ́ mi lè mọ́ iṣẹ́. Lésà 405 nanomita ń wọ kírísítálì BBO, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fótónì kan nínú rẹ̀ máa ń pín sí méjì, 810 nanomita lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kò rí 810. Ẹ̀rọ tó ń kà á nìkan ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ara dígí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà kò sì gbọ́dọ̀ fi ju nǹkan bí ìbú irun orí kan lọ gùn jura. Tó bá fi jù bẹ́ẹ̀, o ò ní rí nǹkan kan, kò sì sí ohun tó máa sọ fún ọ bóyá o sún mọ́ ọn tàbí o jìnnà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi wá a. Màá sún dígí díẹ̀, màá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, màá kọ iye sílẹ̀, màá tún sún un. Iye kan náà ṣáá ni. Ìgbà tó yá ni mo tún gbogbo ọ̀nà méjèèjì wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ojú ìdimú ni mo ti ń wọn okùn fáíbà látọjọ́ yìí dípò orí rẹ̀ gan-an. Mílímítà mẹ́rin ni mo fi ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ tí kò sí nǹkan kan ni mo ti ń wá a fún ọ̀sẹ̀ méje! Mo yí i padà. Lóru ọjọ́ yẹn, iye ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì ń ka fótónì pa pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ẹgbẹ̀ta, igba, àádọ́rin. Ilẹ̀ yàrá yẹn ni mo jókòó sí. Àmì ìyọkúrò tí mo kọ sínú ìwé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló wà lójú ẹ̀rọ yẹn.

Ẹnì kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà kò fara da irú ọ̀sẹ̀ méje bẹ́ẹ̀. Ó kọjá sí tíọ́rì, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ìwọ̀n tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí o bá ka ìtàn mi tí o ń wò ó pé ìwọ ì bá tètè wọn fáíbà náà, láàbù ni tìrẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlà mẹ́ta orí ìwé yẹn nìkan ló ń dùn mọ́ ọ, máa bá a lọ síbẹ̀.

C inú electronics, má fi pa mọ́. Sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí o sì ṣe nǹkan tó máa dáhùn fún un kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé. Amplifier kékeré fún photodiode (ẹ̀rọ tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná), tí o fúnra rẹ tò pọ̀, tí o wọn ariwo rẹ̀, tí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ lójú ìwé méjì. Olórí láàbù tó bá rí ìyẹn kò ní ráyè C.

Èsì kejì

Ẹ kú ìjíròrò o. Tíọ́rì ni èmi ń ṣe, mo sì ti parí PhD mi. Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú sọ, àfi ibi kan: ẹ má wá èèyàn kan ṣoṣo.

Mo lọ ṣe másítà níbì kan nítorí ọkùnrin kan tí mo ti ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀, ó gba iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè mìíràn, ó kó láàbù rẹ̀ lọ. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ tó ń ṣe quantum optics. Wọ́n ní kí n mú ohun mìíràn ṣe, mo sì fi ọdún kan gbáko ṣe iṣẹ́ tí mi ò béèrè fún. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi náà. Nítorí náà, ẹ lọ síbi tí ó kéré tán èèyàn mẹ́ta wà tí ẹ lè bá ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ olórí láàbù láìtijú pé: ṣé ẹ̀yin yóò wà níbí fún ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀? Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ máa dáhùn.

Ọ̀rọ̀ másítà àbí PhD, ilẹ̀ tí ẹ bá ń lọ ló máa pinnu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní dìgírì àkọ́kọ́ lè wọ PhD tààrà. Ó máa ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, kíláàsì ló sì pọ̀ nínú ọdún méjì àkọ́kọ́. Nínú físíìsì níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún yín, wọ́n á sì máa fún yín lówó oṣù nítorí pé ẹ ń kọ́ni tàbí ẹ ń ṣèwádìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá fi owó ara yín ṣe PhD físíìsì, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, másítà ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, PhD á sì wá dà bí iṣẹ́ oṣù, pẹ̀lú ìwé àdéhùn, fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fún ẹni tí kò tíì ní àpilẹ̀kọ bíi tiyín, másítà ọdún méjì tó ní iṣẹ́ ìwádìí gidi nínú ló máa ń ṣí ojú. Òun ló ṣí tèmi nígbẹ̀yìn, ní fásitì kejì.

Ohun kan wà tí mi ò rí ẹni sọ fún mi nígbà yẹn. Àwọn àyè PhD Marie Skłodowska-Curie ní Yúróòpù kò béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ ti wá, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ, láàárín oṣù 36 tó ṣáájú, ní orílẹ̀-èdè tí ibi iṣẹ́ náà wà. Èyí ni pé ẹni tó ṣe másítà ọdún méjì ní Jámánì kò ní lè mú àyè irú rẹ̀ ní Jámánì lẹ́yìn tó bá parí. Ó lè mú ti Spéènì tàbí Austria. Ẹ fi sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ ti máa ṣe másítà, torí ìyẹn lè ti ilẹ̀kùn kan mọ́ yín lójú kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà.

Gbèdéke: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka físíìsì ní Amẹ́ríkà ń parí gbígba fọ́ọ̀mù ní oṣù Kejìlá, àwọn díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Bí wọ́n bá fún yín láyè pẹ̀lú owó, ọ̀pọ̀ fásitì ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé ẹ ní títí di 15 oṣù Kẹrin láti fèsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ìpayà bá yín kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Olùkọ́ tó fi ìlà mẹ́ta yẹn hàn yín, ṣé ó mọ orúkọ yín? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú ohun tí ẹ fi QuTiP ṣe dání. Lẹ́tà ẹni tó rí yín níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ wúwo ju ti ọ̀gá ńlá tó kàn mọ máàkì yín lọ.

Èsì kẹta

Ẹ̀ka iná mànàmáná ni èmi wà, fótónì ni mò ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ẹ̀ka tiwa. Orí ṣípù silicon la ti ń darí fótónì, 1550 nanomita là ń lò torí fáíbà kì í gbé e mì púpọ̀ níbẹ̀: nǹkan bí 0.2 dB ní kìlómítà kan, ìyẹn ni pé ó tó kìlómítà 15 kí ìdajì tó sọnù. Ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n, wáyà tín-ínrín superconductor ni, a sì ní láti mú un tutù dé ìwọ̀n kelvin mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn kíkọ́ nǹkan tó máa jáde kúrò nínú láàbù, ẹ wò ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì mọ́kànlá yẹn, kò yẹ kó bà yín lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò lè ṣèlérí àyè fún yín bó tilẹ̀ wù ú, ìdí tí òmíràn kò fi ń fèsì nìyẹn. Ní Jámánì tàbí Austria, olórí láàbù fúnra rẹ̀ ló sábà ń yan ẹni tó fẹ́, ímeèlì yín sì lè jẹ́ gbogbo ohun tó máa rí kó tó pinnu. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń kọ kí ẹ tó kọ ọ́. Ní ti physics GRE, ìdánwò tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbà yín sí PhD, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ ọ́ kúrò láti bí 2020. Ẹ wo ojú ìwé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó náwó sí i.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ bá olùkọ́ náà lánàá. Kò mọ orúkọ mi tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ ọ́n báyìí. Wákàtí kan la fi sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n máa wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ka ìtàn fáíbà yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń di fáíbà náà mú tí orí rẹ̀ fi wọnú tó mílímítà mẹ́rin. Mo wá rí i pé mo ti ń dáhùn ìbéèrè mi.

Ẹ bá mi wo ímeèlì tí mo ń kọ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí rèé ní Yorùbá: "Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, mo sì nífẹ̀ẹ́ quantum optics gidigidi. Iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń ṣe wú mi lórí. Inú mi yóò dùn bí mo bá lè dara pọ̀ mọ́ láàbù yín. Ẹ wo máàkì mi tí mo so mọ́ ọn." Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Èsì kìíní

Ohun tó kù ni pé mo lè mú ímeèlì yẹn, kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ogójì orúkọ inú ìwé àjákọ mi láìyí lẹ́tà kan padà. Ẹni tó kà á kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì rí ìwọ náà.

Mú àpilẹ̀kọ kan tí o kà dópin. Wá àwòrán kan nínú rẹ̀ tí o lè fi QuTiP tún ṣe. Tún un ṣe. Bí ó bá bá tiwọn mu, sọ bẹ́ẹ̀, kí o béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí o bá yí nǹkan kan padà. Bí kò bá bá a mu, ìyẹn tilẹ̀ sàn jù: sọ ibi tó ti yà. Ìlà mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú ni kí o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kì í ṣe ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwòrán yẹn ti jáde, ó sì mọ bí láàbù náà ṣe rí lóru. Bi í léèrè pé ta ló ń kọ́ ẹni tuntun níbẹ̀, àti pé ọjọ́ mélòó ló máa ń gba ọ̀gá kó tó ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ.

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe é. Àpilẹ̀kọ kan lórí átọ́ọ̀mù kan láàárín dígí méjì ni, àwòrán kẹta. Tèmi bá tiwọn mu ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà, bí lésà ṣe ń lágbára sí i ló túbọ̀ ń jìnnà. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé àwọn ló ṣàṣìṣe. Ní ọjọ́ kẹta mo rí i pé èmi ni mo ní kí kọ̀ǹpútà má ka fótónì kọjá márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé e dé ogún, ìlà méjèèjì sì bọ́ síra.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, àṣìṣe mi náà wà nínú rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣíwájú lórí àpilẹ̀kọ náà. Ó fèsì láàárín ọjọ́ kan. Ó ní òun náà kọ́kọ́ fi mọ sí mẹ́jọ, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan wá ibi tó ti yà. Ó ní ẹni méjì ni wọ́n máa gbà lọ́dún tó ń bọ̀, gbèdéke jẹ́ oṣù Kejìlá, àti pé ká jọ sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ọjọ́rú. Kí ló yẹ kí n bi í tí mi ò tíì ronú kàn?

Èsì kìíní

Bi í pé kí ló bàjẹ́ kẹ́yìn nínú láàbù wọn, ta ló tún un ṣe, kí ni ọ̀gá sì sọ. Kí o sì ní kó fi kámẹ́rà yí yàrá náà ká fún ọ bó bá ṣeé ṣe. Mo wà níbí títí di Ọjọ́rú, bí ó bá ku ohun tí kò yé ọ.